Ọ̀nà Márosẹ̀ Èkó sí Abidjan: Ìbéèrè Lemọ́lemọ́ Nípa Ẹrù, Ẹnubodè àti Èbúté

Àwọn onítírélà, àwọn oníṣòwò àti àwọn tó nílẹ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì kì í yéé bi wá ní àwọn ìbéèrè yìí. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn lọ sórí èyí tó ta kókó.

Ọ̀nà wo gan-an là ń sọ?

Ọ̀nà márosẹ̀ tí orílẹ̀-èdè márùn-ún pinnu láti jọ là létí òkun ni: Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1,028. Orí rẹ̀ kan wà ní Mile 2 l'Ékòó, ìkejì wà ní Bingerville, ní ìlà-oòrùn Abidjan. Ìlà mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n pín in sí, pẹ̀lú ààlà láàárín ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá ti Èkó gbéra yóò gba agbègbè Àgbádárìgì, Sẹ̀mẹ̀, Àjàṣẹ́, Kútọnu, Ouidah, Aného, Lomé, Aflao, Tema, Àkrà, Cape Coast àti Takoradi kọjá kó tó dé Elubo, níbi tí Gánà ti bá Côte d'Ivoire pààlà. Gánà nìkan ló ni nǹkan bí ìdajì gbogbo gígùn náà. ECOWAS ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin káràkátà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ń gba ojú ipa yìí kọjá.

Èbúté wo ló so pọ̀, kí ló sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì?

Láti ìlà-oòrùn: Lekki tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, Apapa, Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977, Kútọnu (1965), Lomé (1968), Tema (1962), Takoradi (1928), àti Abidjan, tó di èbúté gidi lẹ́yìn tí wọ́n la ipa odò Vridi láti òkun wọ ọ̀sà ní 1950.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ wò ni jíjìn omi. Àwọn ọkọ̀ òkun ràbàtà tó ń kó kọ̀ǹténà láti Ṣáínà fẹ́ omi tó jìn tó mítà 16. Lomé ní in, Lekki ní in, Tema ní in láti 2019, Abidjan náà ní in láti 2022. Apapa àti Tin Can kò ní in, bíi mítà 13 ààbọ̀ ni tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà tó ń lọ sí Apapa àti Tin Can fi máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ ní Lomé, kí ọkọ̀ òkun kékeré tó wá gbé e síwájú.

Ṣé kò sí ọ̀nà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?

Ó wà. Ọkọ̀ ń ti Èkó dé Abidjan látọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà kò dọ́gba. Ibì kan fẹ̀, ó sì dán. Ibì kan jẹ́ ìlà méjì péré tó gba àárín ọjà kọjá, tí tírélà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ẹni tó ń ta búrẹ́dì jọ ń du ojú kan náà.

Ní apá tiwa, ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló mú iṣẹ́ fífẹ̀ apá Eric Moore sí Okokomaiko, pẹ̀lú ojú irin tó gba àárín rẹ̀ tó ti ń gbé èrò dé Mile 2 láti 2023. Ìjọba àpapọ̀ ló mú apá Agbara sí Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá ń rojọ́ gegele ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ apá tí ó wà, kó má baà gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹni tí kò ni ín.

Ta ló ni ọ̀nà tuntun náà, ibo sì ni iṣẹ́ dé?

Àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè márààrún fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yamoussoukro ní 2014. Àdéhùn yẹn ló ṣètò pé àjọ kan ṣoṣo ni kó máa bójú tó ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n ń pè ní ALCoMA. Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló fi owó sí ìwádìí àti yíya àwòrán iṣẹ́. Bílíọ̀nù 15.6 dọ́là ni wọ́n dá lé iṣẹ́ náà lápapọ̀, wọ́n sì dárúkọ 2026 fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ń retí kí àwọn olókòwò aládàáni dá sí i, kí wọ́n sì fi owó tí ọkọ̀ bá ń san lójú ọ̀nà gba owó wọn padà.

Ẹ má ṣe pa ALCoMA pọ̀ mọ́ ALCO. ALCO ti wà láti 2002, Kútọnu ló fìdí sí, gbígbógun ti kòkòrò HIV láàárín awakọ̀ àti èrò ojú ọ̀nà yìí ló sì mú un wáyé. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra.

Ṣé òun náà ni ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar?

Rárá o. Nàìjíríà nìkan ló ń la ti Calabar. Ó tó kìlómítà 700, kọnkéré ni wọ́n fi ń ṣe é dípò ọ̀dà, Victoria Island ló ti bẹ̀rẹ̀, ìlà-oòrùn ló sì kọrí sí. Abidjan tí à ń sọ wà ní ìwọ̀-oòrùn.

Àmọ́ méjèèjì kan ara wọn ní ibi kan: èbúté Lekki. Lekki wà ní ìlà-oòrùn Èkó, ọ̀nà Abidjan sì parí sí Mile 2. Tírélà tó bá gbé ẹrù ní Lekki lọ sí Kútọnu yóò la gbogbo ìlú Èkó kọjá kó tó débi tí ọ̀nà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwa, bí wọn kò bá wá ọ̀nà àbùjá tó yí ìlú ká fún ọkọ̀ ẹrù, Lekki yóò wà lórí àwòrán lásán, èrè ọ̀nà yìí kò ní í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí a ò lo rélùwéè tàbí ọkọ̀ ojú omi dípò rẹ̀?

Àwọn òyìnbó amúnisìn la ojú irin láti etíkun lọ sí àárín ilẹ̀, kí wọ́n lè kó irè oko wá sí èbúté: Èkó sí Kano, Kútọnu sí Parakou, Abidjan sí Ouagadougou. Kò sí èyí tó gba etíkun lọ láti Èkó dé Abidjan. Ìbú wọn kò tilẹ̀ dọ́gba. Mítà kan ni ti Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire. Mílímítà 1,067 ni ti àtijọ́ ní Nàìjíríà àti Gánà. 1,435 ni ti tuntun tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin kan ò lè rìn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọkọ̀ òkun dára fún ẹrù tó pọ̀ tí kò kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ ó sanwó gbígbé e wọ ọkọ̀ ní èbúté kan, ẹ ó tún sanwó gbígbé e bọ́ ní èkejì, ẹ ó sì dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń lọ. Tírélà alùbọ́sà méjì kò lè dúró.

Ìwé wo ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ kó dání?

Ti ara rẹ̀: páásìpọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ ECOWAS, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà fún 90 ọjọ́. Ti ọkọ̀: ìwé ìwakọ̀, ìwé ọkọ̀, Brown Card (káàdì adójútòfò ọkọ̀ ti ECOWAS), àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó gbà á láyè láti wọlé fún ìgbà díẹ̀. Ti ẹrù: ìwé iye ọjà, ìwé tó ka ẹrù ní ẹyọ ẹyọ, ìwé ìfẹ̀rùránṣẹ́, àti ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà tàbí ìwé ẹrù akọjá, gẹ́gẹ́ bí ẹrù bá ṣe rí.

Kì í ṣe àìní ìwé ló sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró, ìwé tí kò bára mu ni. Nọ́ńbà ṣáásì tó fi lẹ́tà kan yàtọ̀ nínú ìwé ọkọ̀ àti nínú Brown Card tó láti dá ọkọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Kí ọkọ̀ tó gbéra, kí èèyàn kan ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ sókè, kí ẹlòmíràn máa wò ó nínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan máa parí, kó má jẹ́ pé ọkọ̀ wà ní Takoradi nígbà tí adójútòfò rẹ̀ ti kú.

Ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ mi lè lò nílẹ̀ òkèèrè, ṣé mo lè gbé ẹrù níbẹ̀?

Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọkọ̀ ara ẹni ní 90 ọjọ́. Ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní ọjọ́ 15 péré.

Láàárín ọjọ́ 15 náà, ọkọ̀ akẹ́rù tó jẹ́ ti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbé ẹrù Lomé lọ sí Aného fún owó. Iṣẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ Tógò nìyẹn. Ẹrù tó ń kọjá ẹnubodè ni tiyín. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé òfin yìí wà rárá.

Gàrí àti ẹja gbígbẹ ni mò ń tà. Ṣé màá san owó ẹnubodè?

Irè oko àti ọjà tí a kò tíì fi ẹ̀rọ sọ di nǹkan mìíràn, bí àgbàdo, iṣu, ẹja, ẹran ọ̀sìn, àti iṣẹ́ ọnà ọwọ́, kì í san owó kọ́sítọ́ọ̀mù láàárín orílẹ̀-èdè ECOWAS, bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde. Kò tilẹ̀ nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí ó ti wá. Ohun tó nílò ni ìwé àyẹ̀wò ìlera irúgbìn tàbí ti ẹran. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ NAQS ló ń fún ni. Ibi ìwé yìí ni àwọn ìyá ọlọ́jà ti sábà máa ń ṣubú: wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì gba ìwé kankan.

Ọjà ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Ọṣẹ, bisikíìtì tàbí ike gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é, ilé iṣẹ́ àti ọjà náà sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò ECOWAS. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí ọjà fi ń yege ni pé kí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i níbí fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye owó rẹ̀. Rírà láti ilẹ̀ mìíràn, kí a tún un dì sínú ọ̀rá tuntun, kò sọ ọ́ di ọjà ECOWAS.

Kí ni Brown Card ń ṣe bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀?

Ó ń jẹ́ kí adójútòfò tí ẹ san nílé ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Àdéhùn rẹ̀ wáyé ní Kútọnu ní 1982, Lomé sì ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ Nàìjíríà bá gbá ẹnìkan ní Tógò, ọ́fíìsì Brown Card ti Tógò ni yóò gba ẹjọ́ náà, yóò san owó fún ẹni tó fara pa, yóò sì gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ adójútòfò yín. Ẹni tó fara pa kò ní láti wá yín dé Èkó.

Káàdì náà kò san owó ọkọ̀ tiyín tàbí ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn nílò adójútòfò tirẹ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn, ẹ pe ọ́fíìsì Brown Card ti ilẹ̀ yẹn, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lè kà. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire.

Báwo ni ẹrù akọjá ṣe ń lọ láìsan owó ní gbogbo ẹnubodè?

Ẹrù tó balẹ̀ ní Tema, tó sì ń lọ sí Èkó, kò gbọdọ̀ san owó orí ní Gánà, Tógò tàbí Benin, nítorí pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ lò ó. Àdéhùn ẹrù akọjá ECOWAS ti 1982 ló fìdí èyí múlẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù gbé onídùúró kalẹ̀: bí ẹrù bá sọnù lójú ọ̀nà, onídùúró ni yóò san owó orí tó yẹ kí ilẹ̀ náà gbà. Lẹ́yìn náà, kọ́sítọ́ọ̀mù á fi síìlì sí ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà, wọ́n á kọ nọ́ńbà síìlì sínú ìwé, ọkọ̀ á gbéra. Ní báyìí, ẹ̀rọ SIGMAT ń jẹ́ kí kọ́ńpútà kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ kan fi ìròyìn ẹrù ránṣẹ́ sí ti èkejì kí ọkọ̀ tó dé.

Síìlì yẹn ni kí ẹ fi ojú ara yín wò. Irin kékeré bí bóòtù ni, tó gba inú ihò ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, tí orí rẹ̀ sì ti mọ́ ara wọn. Ẹ fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára. Kò gbọdọ̀ yọ. Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i lára, kì í ṣe èyí tí éjẹ́ǹtì sọ fún yín, ẹ fi wé ti inú ìwé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kọ̀ǹténà nínú fọ́tò kan náà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá já síìlì lójú ọ̀nà láti wo inú ẹrù, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi tuntun sí i. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọrùn yín ni ẹ̀sùn máa wá sí ní ẹnubodè tó kàn.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni títi ìwé pa. Nígbà tí ẹrù bá dé Èkó, kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé ó dé. Bí ẹ̀rí yẹn kò bá padà dé Tema, ọrùn onídùúró ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì ní í fẹ́ dúró fún yín lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ni wọ́n ń pè ní ẹnubodè alájọlò?

Ibi tí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ méjì ti jọ jókòó, kí ọkọ̀ lè dúró lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ti Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké ni ààrẹ Nàìjíríà àti ti Benin ṣí ní oṣù kẹwàá 2018, owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Irú rẹ̀ wà ní Noépé láàárín Tógò àti Gánà.

Ilé tó dára nìkan kò tó. Bí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ kan bá tún lọ gbé igi dábùú ọ̀nà ní kìlómítà mélòó kan sí ẹnubodè, dídúró ẹ̀ẹ̀kan ti di márùn-ún. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ sanwó, ẹ béèrè rìsíìtì. Bí kò bá sí, ẹ kọ ibi, ọjọ́, wákàtí àti irú aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n wọ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi lé ẹgbẹ́ yín lọ́wọ́. Ẹjọ́ tó ní ibi àti wákàtí nìkan ni ẹgbẹ́ lè gbé lọ síwájú.

Kí ló dé tí wọ́n ń wọn ìwúwo ásù, tí kì í ṣe ti ọkọ̀ lápapọ̀ nìkan?

Nítorí pé ásù, irin ìdábùú tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì lábẹ́ ọkọ̀, ló ń tẹ ọ̀nà. Òfin ECOWAS ní kí ásù kan ṣoṣo má ṣe ru ju tọ́ọ̀nù 11.5 lọ. Lábẹ́ òfin UEMOA (àjọ àwọn ilẹ̀ tó ń ná owó CFA ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà) ti 2005, tí Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire ń lò, tírélà oní-ásù mẹ́fà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ.

Ìpalára ásù sí ọ̀nà kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹrù. Bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, ìpalára á di ìlọ́po 16. Ásù tó ru tọ́ọ̀nù 15 dípò 11.5 ń ba ọ̀nà jẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ogún ọdún lè gbó láàárín ọdún méje nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa bú agbaṣẹ́ṣe.

Kọ̀ǹténà tó bófin mu, pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, kì í sábà ju tọ́ọ̀nù 30.48 lọ. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀nù bíi 15 ti orí ọkọ̀ àti bọ́dì kún un, kò tíì tó 51. Nítorí náà, bí tírélà oní-ásù mẹ́fà tó gbé kọ̀ǹténà bá kùnà lórí òṣùwọ̀n, bí wọ́n ṣe to ẹrù ló sábà máa ń fà á: ẹrù wíwúwo ti gbá jọ sí orí kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdajì gígùn kọ̀ǹténà ru ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù lọ. Sìmẹ́ńtì, òkúta àti àpò ìrẹsì tí wọ́n tò láìsí kọ̀ǹténà ló sábà máa ń ju ìwọ̀n lápapọ̀.

Kí ló ń mú kọ̀ǹténà já bọ́ lórí ọkọ̀?

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà ní ihò. Irin ìlọ́ tí wọ́n ń pè ní twist lock ló ń wọ inú ihò náà láti ara bọ́dì tírélà, tí wọ́n á sì yí i kó lè há. Àwọn awakọ̀ kan kì í yí i. Wọ́n ní bí kọ̀ǹténà bá fẹ́ ṣubú, kó dá ṣubú, kó má fa ọkọ̀ lọ́wọ́. Èrò yìí ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn tó jókòó sínú ọkọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kọ̀ǹténà tí wọn kò há máa ń fò díẹ̀ ní gegele, ó máa ń sún ní kọ́nà, bí afẹ́fẹ́ tàbí ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré bá sì dé, ó ti lọ.

Ẹ yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi ọwọ́ mi ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà tàbí okùn kò lè rọ́pò irin tó ti jẹ. Bí ọ̀kan bá sọnù, kí ọkọ̀ má kúrò ní èbúté.

Bí ọ̀nà bá ti dán, ṣé ẹrù á ti yá nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tírélà tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan yóò fi nǹkan bí wákàtí 17 rin 1,028. Bí ọ̀nà tuntun bá jẹ́ kó sá 80, wákàtí 13 ni. Wákàtí mẹ́rin péré la jèrè. Ẹnubodè mẹ́rin ló sì wà láàárín ilẹ̀ márùn-ún. Bí ọkọ̀ bá sùn ní ẹnubodè kan ṣoṣo, gbogbo èrè ọ̀dà tuntun ti wọmi.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kò wúlò. Ọ̀nà tó dán ń dín táyà bíbẹ́, síprìngì kíkán àti ìjàǹbá kù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bílíọ̀nù 15 dọ́là la ọ̀nà, tí ìwé kan ṣì ń dúró de òǹtẹ̀ mẹ́fà ní Hillacondji, ẹnubodè Benin àti Tógò, a kàn ti la ibi ìdúró gbọọrọ ni. Ibi ẹnubodè ló yẹ kí àwọn aṣòfin àti oníròyìn tẹjú mọ́ jù.

Ṣé òkun kò ní í jẹ ọ̀nà náà?

Ewu náà wà ní tòótọ́. Iyanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Bí wọ́n bá kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun láti dáàbò bo èbúté, iyanrìn á gbá jọ sí ìwọ̀-oòrùn ògiri, ìlà-oòrùn rẹ̀ kò ní í rí tuntun gbà, òkun á sì máa jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti Lomé dé Aného nìyẹn, ní ìlà-oòrùn Kútọnu, àti ní Victoria Island lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ògiri sí ẹnu ọ̀sà Èkó. Ìdídò Akosombo, tó parí ní 1965, dá kún un, nítorí iyanrìn tí odò Volta ń gbé wá dín kù. Láàárín Lomé àti Aného, òkun ti gbé apá kan ọ̀nà àtijọ́ lọ.

Nítorí náà, àwọn èbúté tí ọ̀nà yìí fẹ́ so pọ̀ wà lára ohun tó ń mú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ọ̀nà jìnnà sí omi, kí èbúté sì máa fa iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn ògiri lọ tú sí ìlà-oòrùn. Láti 2018 ni Báǹkì Àgbáyé ti ní ètò kan fún etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní WACA.

Ẹ̀yìn iyanrìn ni irà àti ọ̀sà wà, ibẹ̀ sì ní ìṣòro tirẹ̀. Bí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ lé ẹrẹ̀ láìkó o kúrò, tàbí láìdi ẹrù lé e fún oṣù mélòó kan kó lè kọ́kọ́ rì tán, ọ̀nà á máa rì díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i ní ẹnu àfárá: àfárá dúró lórí òpó, ọ̀nà tó lọ bá a ti rì, ọkọ̀ á sì fò. Ibẹ̀ ni irin ìlọ́ tí wọn kò há ti ń yọ.

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé mi. Kí ni ẹ̀tọ́ mi?

Ní Nàìjíríà, Òfin Ilẹ̀ 1978 gba gómìnà láyè láti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ará ìlú. Owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ san jẹ́ ti ilé, irè oko àti ohun tí ẹ ṣe sórí ilẹ̀. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan ni. Òfin yìí máa ń ya àwọn onílẹ̀ lẹ́nu, kò sì dára tó lójú tiwa. Ilé, iye tí wọn yóò fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí ni wọ́n ń wò, kí wọ́n tó yọ ti gbígbó kúrò.

Ẹ wo ibi tí ilé wà ná. Lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìjọba ní. Ilé tó bá wà nínú rẹ̀ máa ní ìṣòro. Kí wọ́n tó wó ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, kànga, ọgbà àti ìdí àgbọn kọ̀ọ̀kan; ẹ ka igi lójú òṣìṣẹ́ tó wá kọ ọ́, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé tí ó kọ. Ẹ wá adíyelé ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Bí owó Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà bá wà nínú iṣẹ́ náà, ìlànà báǹkì ní kí wọ́n ran ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú, àti ayálégbé àti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù onípákó. Ẹ fi ìyẹn kún ọ̀rọ̀ yín ní ìpàdé.

Ṣé mo lè wa ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Kútọnu wá sílé gba ọ̀nà yìí?

Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ìrẹsì ti ilẹ̀ òkèèrè náà wà lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 2016. Ọ̀nà tuntun kò pa òfin kankan rẹ́. Ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ fún yín tó sì ní òun ní ọ̀nà tí yóò gbà á wọlé, ewu náà kò kàn án mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti gbowó.

Bí ẹnubodè bá tún ti lójijì ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Ní 2023, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní Niger, ẹnubodè Benin àti Niger tì, ọkọ̀ tó ń ti Kútọnu lọ sí Niamey sì há. Ní oṣù kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò ní ECOWAS, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èbúté etíkun yìí ni ẹrù wọn ń gbà wọlé.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn ẹrù, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ ẹni tí yóò san owó ìdádúró bí ìjọba bá ti ẹnubodè: ẹlẹ́rù ni tàbí ọlọ́kọ̀. Bí kò bá sí nínú ìwé, ọlọ́kọ̀ ló sábà máa ń rù ú, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹrù wà. Ẹ wo ìwé adójútòfò ẹrù yín bóyá ó gba ti ẹrù tó bàjẹ́ nítorí ìdádúró. Ọ̀pọ̀ kò gbà á. Fún kọ̀ǹténà, ẹ béèrè iye ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun fún yín kó tó di pé owó ń ka lójoojúmọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá wọ́n á dá kíkà dúró bí ẹnubodè bá tì. Fún tòmátì, ẹja tútù àti ẹran ọ̀sìn, ẹ ní orúkọ oníbàárà kan ní ìlú tó ṣáájú ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tí yóò ra ẹrù náà bí kò bá lè kọjá, kí ẹ bá a sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé.